Ọ̀rọ̀ Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Mo pẹ́ kí n tó wọ ilé-ìwé. Nígbà tí mo fi máa parí ìwé mẹ́wàá, irùngbọ̀n ti hù lẹ́nu mi. Bóyá ìyẹn ló fà á tí ìwé kíkà sókè fi máa ń dùn mọ́ mi. Nígbà tí ilé iṣẹ́ fíìmù ìjọba gbà mí síṣẹ́ awakọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò pẹ́ tí ọ̀gá wa fi gbọ́ ohùn mi, ó sì gbé maiki lé mi lọ́wọ́.

Iṣẹ́ wa ni láti gbé sinimá lọ bá àwọn ará abúlé. Owó ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n fi ń ya àwọn fíìmù náà: abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé, ẹ̀gẹ́ tuntun, ìdí tí a fi ń ka iye ènìyàn. Ẹnikẹ́ni kì í san kọ́bọ̀. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, a ó ta aṣọ funfun mọ́ ògiri ilé-ìwé, a ó tan jẹnẹrétọ̀. Fíìmù náà kì í sọ̀rọ̀. Èmi ni mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà, tí n ó máa ka àlàyé láti inú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.

Ní ọdún kan, wọ́n wá ya fíìmù nípa omi mímu ní Ayépé, níbi tí mo ń gbé. Obìnrin méjì ni wọ́n ń fẹ́: ọ̀kan tó ń se omi kó tó mu ún, ọ̀kan tí kì í sè é. Òṣèré tó yẹ kó ṣe ẹnìkejì yìí kun èékánná pupa, ó ní òun ò ní tẹ ẹrẹ̀. Inú bí ọ̀gá. Mo sọ fún un pé ìyàwó mi wà nílé.

"Kí ni n ó ṣe níbẹ̀?" ìyàwó mi bi mí.

"O kàn máa bu omi ni."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ n wẹ̀, kí n pààrọ̀ aṣọ."

"Má wẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìjọba yín yìí mà ṣòroó tẹ́ lọ́rùn o."

Èmi ni mo bu ẹrẹ̀ sínú garawa tí yóò ti bu omi, nítorí omi ilé wa mọ́ jù fún iṣẹ́ wọn.

Àlàyé ibi tó ti jáde kò gùn nínú ìwé: "Obìnrin yìí kò se omi rẹ̀." Ní abúlé àkọ́kọ́ tí mo kà á, kò sẹ́ni tó mira. Ní ìkejì, mo fi tèmi kún un. Mo ní, "Ẹ wo ọ̀bùn! Ẹlẹ́dẹ̀ gan-an kò ní bá a mu nínú garawa yẹn." Ẹ̀rín pa wọ́n débi pé àwọn kan ṣubú lórí àga. Láti ọjọ́ náà, n kò fò ó mọ́. Wọ́n á tilẹ̀ máa pariwo ṣáájú mi: "Ọ̀gá Sinimá, ọ̀bùn yẹn dà?"

Nígbà tó kan Ayépé, ìyàwó mi ró aṣọ tuntun, ó mú ìyá rẹ̀ dání, wọ́n jókòó síwájú. Mo rí wọn. Mo lè ka ohun tó wà nínú ìwé kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n èrò pọ̀, maiki sì wà lọ́wọ́ mi. Mo sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde, ó lọ sílé.

Gaàrí ni ìyàwó mi ń tà. Lọ́sẹ̀ yẹn, obìnrin kan bu gaàrí rẹ̀ wò, ó dà á padà. "Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀, omi wo lo fi fọ ẹ̀gẹ́ eléyìí?" Orúkọ yẹn kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Nígbà tó délé, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí.

"Ṣé inú ìwé ni ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ yẹn wà?"

"Inú ìwé ni," mo ní. "Ìjọba ló kọ ọ́."

"Ó dáa. Ìjọba ò mọ̀ mí."

Kò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kò gbà kí ẹnikẹ́ni ya òun ní fọ́tò mọ́, títí kan ọjọ́ tí ọmọ wa ṣègbéyàwó. Nígbà tó ń ṣàìsàn, èmi ni mo ń bu omi fún un. Ọjọ́ tí mo lè fi sọ òtítọ́ fún un pọ̀. N kò sọ ọ́. Nígbà tó kú, àwòrán orí káàdì ìdìbò rẹ̀, èyí tí kò ṣeé kọ̀, nìkan la bá nílé.

Iṣẹ́ wa ti kú ṣáájú rẹ̀. Fídíò gba ojú àwọn èèyàn, mọ́tò sinimá dípẹtà sẹ́yìn ọ́fíìsì, àwọn fíìmù ń rùn bí ọtí kíkan nínú agolo wọn.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti ilé iṣẹ́ náà wá mi wá. Wọ́n ń kó àwọn fíìmù tó ṣẹ́ kù sínú kọ̀ǹpútà, ó sì fẹ́ gba ohùn mi sílẹ̀. Ó gbé ìwé àtijọ́ náà lé mi lọ́wọ́.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ máa ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín níbì kan. N ò rí i nínú ìwé."

Ó tan fíìmù náà, ìyàwó mi sì yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ọmọ wa ti dàgbà ju bó ṣe wà níbẹ̀ lọ báyìí. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bu omi, ó gbójú sókè wo ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, ó rẹ́rìn-ín. Èmi ló ń wò. Mo ti gbàgbé pé ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa sọ̀rọ̀, sà."

N kò wo ìwé. Mo ní, "Ìyàwó mi nìyí. Omi ilé wa mọ́. Èmi ni mo bu ẹrẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ yẹn kò sí nínú ìwé."

"Ọ̀rọ̀ wo, sà?"

Fíìmù ti bọ́ sára obìnrin tó ń se omi. Mo ní kó dá a padà sẹ́yìn, síbi tí ìyàwó mi wà.