Ẹ̀gbọ́n Mi Tí Igi Kọ̀

Àwọn oníbàárà ló sọ ẹ̀gbọ́n mi lórúkọ. Bí wọ́n bá wá gba gègé ìkọ̀wé onígi tí wọ́n ní kó bá àwọn gbẹ́, á ní, "Ó ku díẹ̀." Bí wọ́n bá tún padà wá, ó ku díẹ̀ náà ni. Nígbà tó yá, Ókudíẹ̀ ni gbogbo wọn ń pè é. Kì í ṣe ọ̀lẹ o. Kò sí gègé tó dán tó lójú rẹ̀ ni. Èmi àbúrò rẹ̀ tí mo ń bá a tajà níwájú ṣọ́ọ̀bù ni èébú ń bá, torí òun á ti sá wọ yàrá ẹ̀yìn, á ti tan ẹ̀rọ, kò sì ní gbọ́ ariwo ẹnikẹ́ni mọ́.

Yàrá ẹ̀yìn yẹn kò gbà ju ènìyàn méjì lọ, àfi kí wọ́n máa tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń yí igi wà lábẹ́ fèrèsé, àwọn irin ìgbẹ́gi sì tò sára ògiri. Á lu ihò sí àárín igi, á ti páìpù idẹ kékeré bọ inú ihò náà, torí inú idẹ yẹn ni ohun tó ń kọ̀wé máa ń wà. Lẹ́yìn náà ni á gbé e sẹ́rọ, á fi irin kàn án, igi á sì máa bó bí èèpo àlùbọ́sà. Èyí tó bá ṣẹ́kù, a fi ń ṣe àpótí òrùka àti ohun tí wọ́n ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́. Kí ìyá wa tó kú, ó máa ń ní igi ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, kí a má wulẹ̀ dára wa láàmú láti wá òmíràn fún un. Èmi náà dalémoṣú, ni àwa méjèèjì bá jọ ń gbé.

Ikọ́ ló kọ́kọ́ dé. Mo ní òtútù ni. Mo fún un ní omi gbígbóná, mo bú u díẹ̀ lé e lórí, torí kì í bo imú. Ikọ́ kò lọ. Tó bá ti wọ yàrá ẹ̀yìn, àyà rẹ̀ á máa dún bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo. Tó bá jáde, á rọlẹ̀. Nígbà tí kò lè sọ̀rọ̀ kan parí láì dúró mí, mo wọ́ ọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà obìnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò kò kánjú rárá. Ó ní, "Bàbá, ìyẹ̀fun igi ni. Ara yín ti kọ̀ ọ́. Ẹ máa fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ ni o."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Igi wo?"

"Gbogbo igi ni, Bàbá."

"Igi pupa lẹ ń wí. Òun ló máa ń tani nímú."

Dókítà wo ojú mi. Èmi wo ilẹ̀. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú ló fata sẹ́nu yìí, ta la fẹ́ lọ bá?

Bí a ṣe délé, ó kó gbogbo igi pupa dà síta, ó bọ́ sórí igi ọsàn. Igi ọsàn ṣe é jẹ́jẹ́ fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà lòun náà dìde sí i. Ó bọ́ sórí igi máńgòrò. Ìyẹn ò tiẹ̀ dúró kí wọ́n kí ara wọn. Ó lo ìbòmú, ó fi aṣọ wé orí ìbòmú, síbẹ̀ ojú wíwú ló ń gbé jáde. Inú bí mi. Mo ní, "Bọ̀dá, ṣé orí bírò lẹ fẹ́ kú sí ni?"

Ó ní, "Gbẹ́nu dákẹ́ ná, mo ń ronú."

Ohun tó rò náà ló ba ti ọwọ́ wa jẹ́. Ó ní bí igi bá tutù, ìyẹ̀fun rẹ̀ kò ní fò. Ló bá ń rẹ igi sómi kó tó gbé e sẹ́rọ. Lóòótọ́, kò fò. Ẹ̀gbọ́n mi ń mí, ó ń súfèé, èmi náà ń bá oníbàárà ṣàwàdà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Òun tó ti lé ènìyàn padà rí nítorí pé igi tí wọ́n gbé wá kò tíì gbẹ! Ó mọ̀ pé igi tútù kì í ṣe igi gègé. Ṣùgbọ́n èémí dùn. Ó ní tóun bá sá wọn sóòrùn díẹ̀, kò séwu.

Obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ló ra àwọn gègé náà, ó fẹ́ fi ta àwọn olùkọ́ tó ń fẹ̀yìn tì lọ́rẹ. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó gbà wọ́n. Nígbà tó padà wá, ó fi ìnujú dì wọ́n. Ó tú u lórí tábìlì. Gbogbo wọn ló ti sán láti òkè délẹ̀. Igi tó mu omi ti gbẹ, ó ti súnkì, bẹ́ẹ̀ idẹ inú rẹ̀ kò lè súnkì. Idẹ ń dán láàárín ojú sísán náà. Ìyá náà kò pariwo. Ì bá sàn fún mi kó pariwo.

Ó ní, "Bóyá èmi ni mi ò tọ́jú wọn dáadáa."

Ẹ̀gbọ́n mi mú ọ̀kan, ó fi èékánná tọ ojú ibi tó sán. Ó ní, "Rárá, ìyá wa. Èmi ni mo fomi pa wọ́n." Ó yí padà, ó lọ pa iná ẹ̀rọ. Kò tún fọwọ́ kàn án mọ́ láti ọjọ́ náà.

Èmi ni mo wá gba irin lọ́wọ́ rẹ̀, èmi tí kò gbẹ́ nǹkan kan rí láyé mi. Gègé mi àkọ́kọ́ rí bí àtàǹpàkò tó há sẹ́nu ìlẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi á dúró síta, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní gbé ìyẹ̀fun kàn án, á máa gbọ́ mi láti ojú fèrèsé. Àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ. Kò rí mi, ṣùgbọ́n á pariwo, "Irin yẹn ti kú, pọ́n ọn! Má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, o ò gún iṣu!" Èmi náà á fèsì padà. Ariwo wa ń pa àwọn ará àdúgbò lẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ̀ pé tí mo bá pa ẹ̀rọ tán, ẹkún ni mo ń sun.

Àdéhùn wa ni pé mo gbọ́dọ̀ wẹ̀ lẹ́yìnkùlé, kí n pààrọ̀ aṣọ kí n tó wọlé. Ìyẹ̀fun díẹ̀ lára ìró ti tó láti gbé e ṣánlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń lọ síbi omi, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Má tíì lọ wẹ̀."

"Bọ̀dá, ìyẹ̀fun kún ara mi o."

"Mo mọ̀. Wá jókòó."

Mo rò pé bóyá ó fẹ́ sọ nǹkan fún mi. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tẹ orí wá síbi èjìká mi, ó pajú dé, ó fa èémí símú díẹ̀díẹ̀.

Ó ní, "Igi ọsàn ni."

Mo ní, "Òun ni, Bọ̀dá."

"Ó gbẹ dáadáa."

Bí àyà rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dún nìyẹn. Mo fẹ́ dìde, ó di apá aṣọ mi mú. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ wẹ̀." Ó mi orí pé rárá. Mo lágbára jù ú lọ báyìí, mo lè já ara mi gbà. Síbẹ̀, mo jókòó tì í, mo ń gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́.