Ọjọ́ Tí Ọmọ Mi Kọ̀ Láti Kà Wá

Irun oníbàárà kan ni mò ń dì lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Àgùdà, apá kan orí rẹ̀ ti parí, apá kejì ṣì rú bí igbó ẹ̀bá ọ̀nà, nígbà tí obìnrin tó ń gbálẹ̀ ní ilé-ìwé tí ọmọ mi ti ń ṣe ìdánwò wọlé dé. Ó ní, “Ìyá ọmọ, ọ̀gá ní kí ẹ máa bọ̀. Ọmọ yín ò fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́.” Oníbàárà mi ní, “Ṣé bí mo ṣe máa jókòó nìyí, Àǹtí onírun?” Mo bẹ̀ ẹ́, mo fi síkáàfù bo orí rẹ̀, mo sì tẹ̀lé obìnrin náà.

Ìdánwò àtiwọ kíláàsì kìn-ín-ní ni. Láàárọ̀ ni mo ti fi ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí wọn kì í jẹ́ kí òbí jókòó tì wọ́n. Bí wọn kò bá gbà á, ọdún kan sí i ni yóò tún lò ní jẹ́léósinmi, láàárín àwọn tí kò tíì lè fun imú ara wọn. Ìdánwò ẹnu sì ni: kí ọmọ fi gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tó wà níbi tó wà. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, mo sì gbà pé kò sí gẹ̀ẹ́sì ọmọdé tó lè dẹ́rù bà mí. Ilé ìdáná wa di kíláàsì. Màá na ọmọrogùn sí ìkòkò, ọmọ á ní, “There is a pot.” Màá nà án sí abọ́, á ní, “There are plates.” Èmi náà á máa yí ohùn bí àwọn tó ń ka ìròyìn.

Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá wa tọ́jú ọmọ, á jókòó lórí àpótí, wọ́n á máa ṣa ẹ̀wà, wọ́n á máa fi wá rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí mo ní kí ọmọ sọ iye ọmọ tó wà nínú ilé wa, Màmá gbé tíréè ẹ̀wà sílẹ̀.

“Ìyàwó, yọ ìyẹn kúrò. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.”

“Màmá, gẹ̀ẹ́sì lásán ni.”

“Ṣé ikú ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì ni?”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo sì fi ti àga àti tábìlì rọ́pò rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀.

Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì ọ̀gá, ọmọ mi dúró níwájú tábìlì, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Àǹtí tó ń ṣe ìdánwò fún un ní ó ti sọ ti ilẹ̀kùn, ó ti sọ ti fèrèsé, kò kọsẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n bí òun ṣe bi í pé ọmọ mélòó ló wà nílé wọn, ló bá panu mọ́. Òun bi í títí. Nígbà tó yá, ó ní, “There is rice in my house.” Àwọn ọmọ yòókù tó wá ṣe ìdánwò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì bú sẹ́kún.

Ọ̀gá jẹ́ obìnrin tí ọ̀rọ̀ wọn kì í pọ̀. Wọ́n ní, “Kò tíì gbó tó, Màdáámù. Ẹ dá a padà sí jẹ́léósinmi, àfi tó bá lè dáhùn báyìí.”

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ mi. “Kí ló dé? Ṣebí o mọ̀ ọ́n.”

Ó fi ẹnu sí mi létí. “Màmá àgbà ní àwọn ka àwọn ọmọ àwọn fún nọ́ọ̀sì kan, ni àìsàn èéyi bá kó wọn lọ. Tí mo bá kà wá, ta ló máa lọ?”

Àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá nílé nígbà náà. Mo mọ̀ pé Màmá ti sin ọmọ, pé ọkọ mi nìkan ló kù fún wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi rí. Ọmọdé tó ń bá wọn ṣa ẹ̀wà ni wọ́n rí sọ ọ́ fún.

Ó yẹ kí n ṣáà ní kó sọ ọ́, pé kò séwu. Ṣùgbọ́n èmi náà ò fẹ́ kó kà wá mọ́. Mo dìde.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọn kì í ka ọmọ nílé wa. Ẹ bi í ní nǹkan mìíràn.”

“Láyé òde òní yìí?”

“Ẹ má bínú mà. Àwọn ọmọ tiyín ńkọ́, mélòó ni wọ́n?”

N kò fi ṣe ìwọ̀sí. Bí ìyá ṣe ń bi ìyá ni mo ṣe bi wọ́n. Ọ̀gá lanu, wọ́n pa á dé, wọ́n ní, “Wọ́n wà, a dúpẹ́.”

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín. “Ọ̀gá mi, ẹ̀yin náà!”

“Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre,” ni ọ̀gá wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti wà lójú àwọn náà. Wọ́n yíjú sí ọmọ. “Ó dáa. Kí ló wà nínú ọ́fíìsì yìí?”

Ọmọ mi nu ojú, ó gbójú sókè. “There is a fan.” Ó tún wò ó díẹ̀. “There is no light.”

Wọ́n gbà á.

Ó ti tó ọdún mélòó kan. Ọmọ náà ti ga dé èjìká mi báyìí, gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ti kọjá tèmi, kò sì fi pa mọ́ fún mi. Màmá ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. N kò lè búra pé kíkà ń ṣe ọmọ ní ibi, n kò sì tíì ka àwọn tèmi fún ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Èmi kọ́ ni ejò bù jẹ. Ṣùgbọ́n mo bá ẹni tó bù jẹ gbé inú ilé kan náà, mo sì rí bí wọ́n ṣe ń wo ilẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀.

Nígbà tí à ń padà bọ̀ lọ́jọ́ ìdánwò náà, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Mọ́mì, ṣé lóòótọ́ ni pé tí mo bá kà wá, ẹnì kan máa kú?”

Mo ní, “Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá àgbà ti sunkún tó, a ò ní kà wá sí wọn létí. Tó bá ń ṣe ọ́ bíi kó o mọ̀ bóyá gbogbo wa pé, pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. A máa dá ẹ lóhùn.”