Ta Ló Ní Kí O Sin Oyin?

Oyin ló wá bá mi, èmi kọ́ ni mo lọ bá oyin. Ìṣà omi kan wà lẹ́yìnkùlé wa ní Inísà, ó ti sán, mo kàn fi ìdérí bò ó, mo gbàgbé rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo ti ọjà Ìkìrun dé, níbi tí mo ti ń ta abọ́ àti garawa, mo bá oyin tó ń gba ojú sísán yẹn wọlé, tó ń gba ibẹ̀ jáde, bí èrò gáréèjì. Ọkọ mi ní ká dáná sun wọ́n. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n wò wọ́n ná." Èmi tí ìdí mi kì í gbé ibì kan, iwájú ìṣà yẹn nìkan ni mo ti máa ń jókòó pẹ́. Mi ò yọ afárá wọn tà rí. Mo kàn fẹ́ràn àwọn tó ń ṣe wàhálà jù mí lọ ni.

Àfi ìgbà tí wolé-wolé dé. Nígbà náà, tí wọn ò tíì dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ pẹ́, a ṣì ń bẹ̀rù wọn. Obìnrin tí wọ́n bá bá tanwíjí nínú omi rẹ̀, kọ́ọ̀tù ló ń lọ. Ọkùnrin yìí yẹ gbogbo ìkòkò mi wò, ó wá dé ìdí ìṣà.

"Kí ló wà nínú èyí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ má ṣí i. Oyin tó ń ta èèyàn ló wà níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹnì kan sọ fún mi pé ejò ló wà nínú tòun. Tanwíjí ni mo bá níbẹ̀."

Ó fi ọ̀pá ta ìdérí dànù.

Mi ò mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ìjọba lè sáré tó bẹ́ẹ̀. Fìlà rẹ̀ bọ́ sínú ilá mi, kò bojú wẹ̀yìn. Ìta ló ti ń pariwo, ètè rẹ̀ ti wú: "Ta ló fún yín láṣẹ láti máa sin oyin láàárín ìlú? Ẹ pàdé mi ní kọ́ọ̀tù Òkukù! Iná la ó fi sun wọ́n!"

Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Mo ti ìsọ̀ mi, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo ń wá àṣẹ kiri. Ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ l'Ókukù, ọkùnrin tó ń fún àwọn alájá níwèé ní kí n so nọ́ńbà mọ́ oyin lọ́rùn. Àwọn ti ọ̀gbìn ní ewúrẹ́ ni tàwọn, ti igbó ni oyin. Mo lọ bá àwọn tó ń ṣọ́ igbó ọba n'Íkìrun. Wọ́n ní, "Ṣé orí igi ni wọ́n wà?" Mo ní inú ìṣà ni. Wọ́n ní ìṣà kì í ṣe igi. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dé gáréèjì. Ìgbà tí mo jókòó sínú bọ́ọ̀sì ni ẹ̀rín náà tó tán lẹ́nu mi. Bí kò bá sẹ́ni tó lè fún mi láṣẹ, kí ni n ó fi gba oyin mi lọ́wọ́ iná?

Ọjọ́ kọ́ọ̀tù pé. Adájọ́ jẹ́ baba àgbà kan. Ó kọjú sí wolé-wolé.

"Òfin wo ni obìnrin yìí rú?"

"Olúwa mi, ìṣà rẹ̀ ni."

"Ṣé omi wà níbẹ̀?"

"Kò sí omi."

"Tanwíjí ńkọ́?"

"Kò sí, Olúwa mi."

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Baba wò mí, mo gbé ẹ̀rín tèmi mì. Ó ní òun ò mọ òfin tó ní kéèyàn má sin oyin, ṣùgbọ́n òfin wà pé ohun téèyàn ń sìn kò gbọdọ̀ ṣe aládùúgbò léṣe. "Ẹni tó bá ọ pín ògiri ni n ó bi. Bí òun bá kọ̀, iná ni."

Tíṣà obìnrin kan ló bá mi pín ògiri, ọmọ ìjọ àwọn aládùúrà kíkankíkan, tí mo fi dáadáa jù lọ́jọ́ orí. Kò sí ohun tí mi ò tíì fi ṣe yẹ̀yẹ́ lára rẹ̀. Ó dìde láàárín èrò.

"Ṣé oyin yìí ti ta ọ́ rí?"

"Rárá, sà. Oyin wọn ò ta mí rí. Ẹnu wọn ló ń ta mí. Láràárọ̀, lórí ògiri. Wọ́n ní ọbẹ̀ mi ń rùn bí omi ìfọṣọ."

Ó ṣe mí bíi kí n sọ pé òórùn ọbẹ̀ náà kò tíì yí padà. Mo gé ètè mi jẹ.

"Ṣé ká sun oyin náà?"

Ó wò mí. "Kí wọ́n fi í sílẹ̀, sà. Ṣùgbọ́n kí ìyá máa kí mi káàárọ̀, kí wọ́n sì dákẹ́ síbẹ̀."

Adájọ́ ní, "O gbọ́? Má ṣe jẹ́ kí ojú ìṣà kọ sí ọ̀nà. Mọ ògiri ga sí i. Kí o sì pa ẹnu dé. Ọjọ́ tí ọmọbìnrin yìí bá padà wá sọ́dọ̀ mi, o ò ní oyin mọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tíṣà ṣí ìkòkò ọbẹ̀ lórí iná. Òórùn rẹ̀ fò wá bá mi.

"Káàárọ̀ o, àǹtí tíṣà."

"Ẹ káàárọ̀, mà."

Mo yí padà kíá, ọ̀rọ̀ ti kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Mo wọlé, mo bá ọkọ mi tó ń múra.

"Ẹ dákun, baba, ṣé irú ṣòkòtò yìí lẹ fẹ́ wọ̀ jáde?"

Ó ní kí lòun ṣe.