Àdí Tí Damaris Fi Po Oògùn Eégbọn

Nígbà tí ọkọ Damaris kú ní Eruku, tí Bándélé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, sì ti bá iṣẹ́ lọ sí Kàdúná, ajá nìkan ló kù sí i lọ́wọ́. Ó sọ ajá náà ní Dúrótìmí. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí: orúkọ àbíkú fún ajá! Ta ló mọ bí ilé rẹ̀ ṣe ń dákẹ́ tó lálaalẹ́?

Oko àgbàdo rẹ̀ wà létí igbó, àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ kò sì mọ ẹ̀rù ènìyàn. Ṣùgbọ́n kí Damaris ṣáà ti ké "Dúrótìmí!", ajá á ti fò jáde, àwọn ọ̀bọ á sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àgbàdo yẹn ni oúnjẹ rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Láìsí ajá, ebi ni.

Ọdún tí a dìbò fún àwọn alágbádá ni eégbọn bo Dúrótìmí. Etí rẹ̀ kún fọ́fọ́, ó rù kan eegun. Damaris fà á lọ bá Sùnmọ́nù, dókítà ẹran tó wà ní Koro. Ìyẹn bu ìyẹ̀fun kan sínú ọ̀rá fún un.

"Màmá, omi nìkan ni kí ẹ fi pò ó. Ẹ má fi òróró kàn án rárá. Kẹ́ ẹ sì so ajá yìí, kó má baà lá a, títí ara rẹ̀ á fi gbẹ."

"Mo gbọ́, dókítà. Ẹ ṣeun."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, omi kò jọ ọ́ lójú. Oògùn ara wo ni wọ́n ń fi omi pò? Ìfọ́n ni o, làpálàpá ni o, àdí ni ìyá rẹ̀ fi ń po gbogbo rẹ̀ kó lè wọra. Ó bu àdí tó dára jù nínú ilé, ó po oògùn náà, ó fi ra ajá láti orí dé ìrù. Kò so ó. Ó ní ajá náà ti jìyà tó. Àdí sì rèé, ajá wo ni kì í lá a?

Oòrùn kò tíì wọ̀ tí itọ́ fi ń dà lẹ́nu Dúrótìmí. Ó ṣubú, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta pàtìpàtì. Damaris figbe ta. Jonah, bàbá Ọmọ́bọ́lá, àbúrò ọkọ rẹ̀, sáré wọlé.

"Ìyàwó wa, gìrì rèé! Àdí dà? Ẹ jẹ́ ká rọ ọ́ sí i lẹ́nu!"

Ó ti gbé ìkòkò àdí. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ Sùnmọ́nù ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ sí Damaris lọ́kàn.

"Bàbá Ọmọ́bọ́lá, ẹ gbé e kalẹ̀! Àdí náà ni mo fi pa á!"

Ó bu omi inú àmù, ó fi ọṣẹ dúdú fọ ajá náà, ó tún un fọ̀. Àdí kì í tètè kúrò lára. Ìdí tó fi yàn án náà nìyẹn. Omi tán. Ó gbá ajá mọ́ àyà bí ọmọ jòjòló, ó sáré gba ọ̀nà odò, ìró rẹ̀ ń tú, ó ń fi ohùn ìlú wọn ké:

"Dúrótìmí, mọ́ lọ o! Ọma mi, mọ́ lọ!"

Àwọn tó pàdé rẹ̀ lọ́nà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Inú odò ni ajá náà kú sí, pẹ̀lú ìfófòó ọṣẹ lára.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú, wọ́n á sọ fún un pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ta ló ń sọ ọ́ fún ẹni tí ajá rẹ̀ kú? Jonah ní àwọn á wá òmíràn fún un, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí Damaris padà sóko, àwọn ọ̀bọ ti wà nínú àgbàdo. Kò mọ ìgbà tó ké "Dúrótìmí!" Wọ́n sá. Lọ́jọ́ kejì ó tún ké e, wọ́n tún sá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fi orúkọ òkú ṣọ́ oko, tí ẹkún ń gbọ̀n ọ́n lóhùn. Nígbà tó yá, ọ̀bọ kan dúró lórí ẹ̀ka, ó wo ẹ̀yìn Damaris, kò rí ajá. Ó sọ̀kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ya àgbàdo kan, ó ń bó o níṣojú rẹ̀. Damaris ṣì ń pe orúkọ náà.