Gàárì Tó Ń Jẹ́ Tolly

Bí òjò bá ti dá, tí ilẹ̀ gbẹ débi pé ọkọ̀ akẹ́rù kò rì mọ́, Vern Haddow á gbé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jáde. Orí táyà ni ṣọ́ọ̀bù náà ń gbé. Bó bá ṣí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, gàárì àti ìjánu á so rọ̀ nínú rẹ̀, òórùn awọ á sì gba gbogbo àgbàlá. Láti oko màlúù kan dé èkejì, èèyàn lè wakọ̀ láàárọ̀ kí oòrùn wọ̀ mọ́ ọn lọ́nà, nítorí náà, báwọn darandaran bá ti rí eruku rẹ̀ lókèèrè, wọ́n á ti máa kó gàárì wọn tó ya síta. Vern kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àmọ́ bó bá wọn gàárì fún ọ, ohun tí ìyàwó rẹ kò mọ̀ nípa ìdí rẹ, òun á mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó ní lójú ọ̀nà náà ni Tolly Beamish, olórí darandaran ní oko Karanda. Akọ màlúù kan ló ṣẹ́ Tolly nítan òsì nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Egungun náà jinná, àmọ́ ẹsẹ̀ ọ̀hún kúrú. Kò sí gàárì tó gbà á mọ́, ọ̀gá oko sì ti ń sọ pé kó lọ máa se oúnjẹ. Vern ló ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ó rán gàárì kan fún un, ó tẹ orúkọ ara rẹ̀ sára awọ rẹ̀ bó ti máa ń ṣe, ó ki irun àgùntàn sínú rẹ̀ lápá òsì ju apá ọ̀tún lọ, ó sì fa ìrọ̀rí tí orúnkún òsì ń fara tì sẹ́yìn díẹ̀. Báyìí ni Tolly ṣe padà sórí ẹṣin. Láti ìgbà náà, ilé Tolly ni Vern ń sùn sí ní Karanda. Wọ́n á jọ jẹ ẹran màlúù oníyọ̀, wọ́n á mu tíì dúdú, wọ́n á máa bú ara wọn títí oorun á fi gbé wọn lọ.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, gàárì tuntun làwọn ọ̀dọ́ darandaran kó wá bá a. Ọmọbìnrin kan láàárín wọn, Kirra, ló sọ̀rọ̀.

"Bàbá Vern, ẹ gbà wá o. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ló tà á fún ọ̀gá. Gbogbo ẹṣin wa ló ń bó lẹ́yìn, apá kan náà ṣáá!"

Vern ki ọwọ́ sábẹ́ àkọ́kọ́, ó rí i pé apá òsì nípọn. Ó fọwọ́ kan ìrọ̀rí orúnkún, ti òsì wà lẹ́yìn. Ó gbé òmíràn, bákan náà ni. Ó wá rí irin pẹlẹbẹ kékeré kan lára wọn, "Tolly" ni wọ́n kọ sí i. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà.

Tolly jókòó lórí igi ọgbà, ó ń wò ó.

"Tolly, ta ló fún wọn ní gàárì mi?"

"Gàárì mi, o fẹ́ wí. Ọkùnrin kan wá láti ìlú, ó ní òun fẹ́ fi orúkọ mi sọ gàárì. Èmi! Yàtọ̀ sí ajá, kí ni wọ́n ti fi orúkọ mi sọ rí?"

"O ò sọ fún mi."

"Bí mo bá sọ, wàá ní rárá."

"Èyí tí mo rán dà?"

Tolly họ ọrùn. "Wọ́n tú u. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wo inú rẹ̀, wọ́n sì fún mi ní tuntun."

"Àwọn òpònú! Wọ́n rò pé ohun tí mo ṣe nítorí ẹsẹ̀ rẹ tó kúrú ni ọgbọ́n inú ẹ̀."

Kirra bú sẹ́rìn-ín. Ojú Tolly pọ́n.

"Fi mí ṣe yẹ̀yẹ́! Láti ọjọ́ yìí wá, orí orúkọ rẹ ni mò ń jókòó sí. Ìwọ lo rán an, àmọ́ ìdí ta ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká? Ṣé o bi mí rí bóyá mo fẹ́ kí tèmi náà wà níbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Vern dé egungun, pàápàá nítorí pé kò bi í rí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu kọ́ ni Tolly ní ni? Ká ní ó là á, ọjọ́ náà gan-an ni Vern ì bá fi orúkọ Tolly síwájú ti ara rẹ̀. Ó tú gàárì àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mú apá méjèèjì wọn dọ́gba, torí ẹṣin kò ṣẹ̀ ẹ́.

Ní Karanda, ẹni tó bá jókòó ti awakọ̀ ló ń ṣí géètì. Tolly ló máa ń sin Vern dé géètì ìkẹyìn, á sì fẹsẹ̀ rìn padà. Bí Vern ti ń pa ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ dé, Tolly ti gun iwájú, ó ti jókòó.

"Sọ̀ kalẹ̀."

"Vern, má ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò ṣí géètì fún ọ?"

"Èmi ni."

Tolly sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ kò fi ilẹ̀kùn sílẹ̀. "Tí gàárì mi bá wá ya ńkọ́?"

"Orúkọ rẹ ló wà lára ẹ̀. Tún un rán."

Ó wakọ̀ dé géètì ìkẹyìn, ó sọ̀ kalẹ̀ ṣí i, ó wakọ̀ kọjá, ó tún sọ̀ kalẹ̀ tì í. Ó sunkún níbẹ̀, àgbà ọkùnrin, kó tó padà sínú ọkọ̀.