Orúkọ Tí Mo Béèrè Lẹ́nu Ọ̀nà

Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ti jí ládùúgbò wa ní Ifọ̀ kí ọkọ mi tó ra ṣéènì. Ti tíṣà kan lọ níwájú ilé ìwé. Ti akọ̀wé rélùwéè lọ níbi tó ti ń kírun Jímọ̀. Ti ẹnì kẹta lọ lábẹ́ fèrèsé ara rẹ̀, oúnjẹ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ojúmọmọ ni gbogbo rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ariwo kankan. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí.

Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà, n kò tíì lo ọdún kan nílé ọkọ. Obì ni ọkọ mi ń tà. Kẹ̀kẹ́ ló fi ń kó o láti àwọn abúlé, kẹ̀kẹ́ yẹn náà ló sì fi ń lọ kí ìyá rẹ̀ ní Mowe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìyá náà ti dàgbà, ọkọ mi nìkan ló sì bí. Bó bá gun kẹ̀kẹ́ ní ìdájí, á ti débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn ín, ilẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kó tó dé. Ó máa ń sọ fún mi pé ohun tí òun ń bẹ Ọlọ́run fún ni pé kí òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá òun bá máa lọ.

Ó fi ṣéènì so kẹ̀kẹ́ mọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi àgádágodo tì í, ó sì kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́.

"Má fún ẹnikẹ́ni o."

Mo so ó mọ́ etí ìró mi. Kí n má purọ́, mo ń fi yangàn.

Lọ́jọ́ ọjà, ilé ló máa ń fi kẹ̀kẹ́ sí, nítorí olè pọ̀ lọ́jà. Ọjọ́ ọjà kan ni bàbá kan wọlé dé, agbádá funfun lọ́rùn, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. "Ìyàwó wa, o kú ilé o." Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n ni òun jẹ́ sí bàbá ọkọ mi tó ti kú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Ọmọ kékeré tó ti wà nílé ọkọ kí n tó dé pàápàá, n kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ gan-an, áńbọ̀sì àgbà. Ìyàwó tó bá bi àgbà ilé ọkọ léèrè pé kí lorúkọ yín, wọ́n á ní wọn ò kọ́ ọ nílé. Nítorí náà n kò béèrè. Mo bu omi fún un. Ó béèrè gbogbo ẹbí bí àgbà ṣe ń béèrè: ọkọ wa ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ìyá wa ńkọ́?

"Wọ́n wà ní Mowe, bàbá. Ẹsẹ̀ ló kàn ń dùn wọ́n."

Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń lọ sí ìdí òpó, mo rò pé ẹwà kẹ̀kẹ́ ló ń wò.

Nígbà tí ọkọ mi dé, mo ròyìn àlejò náà fún un. Ẹ̀rín ló rín. Ó ní àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá òun pọ̀, wọ́n kún Mowe títí dé Ibafo.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó tún dé. Kò jókòó lọ́tẹ̀ yìí, òógùn bo ojú rẹ̀. "Ìyàwó, àìsàn ìyá wa le gan-an ní Mowe! Mo ti bá ọkọ ẹ lọ́jà, ó ní kí n bá òun gbé kẹ̀kẹ́ wá kíá."

Mo sáré tú kọ́kọ́rọ́ létí ìró. Èmi fúnra mi ni mo ṣí àgádágodo, mo tiẹ̀ tún bá a nu eruku orí ìjókòó. Ó ṣàdúrà fún mi pé màá bí ìbejì, ó sì gùn ún lọ. Kò gba ọ̀nà ọjà. Mo dúró lójú kan, mò ń wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ mi fẹsẹ̀ rìn wọlé, tó ń súfèé, mo mọ̀ pé ó ti parí.

Kò lù mí, kò bú mi. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ: "O ò tiẹ̀ béèrè orúkọ ẹ̀?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Inú bí mi sí olè yẹn, inú bí mi sí ara mi, inú sì bí mi sí gbogbo àgbà tó ń bẹ láyé. Mo búra pé ẹnikẹ́ni tó bá tún gun ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn á dárúkọ.

Kò pé oṣù méjì, bàbá mìíràn dé lọ́sàn-án, pẹ̀lú ọ̀pá. Eruku ti bo ẹsẹ̀ wọn dé orúnkún.

"Ìyàwó wa, ọkọ ẹ ńkọ́? Ìyá ẹ̀ ń wá a ní Mowe. Ara wọn ò yá."

Ọ̀rọ̀ kan náà! Mo dúró ṣánṣán lẹ́nu ọ̀nà. N kò kúnlẹ̀, n kò bu omi.

"Kí lorúkọ yín?"

Wọ́n wò mí, wọn ò fèsì. Mo tún béèrè. Wọ́n ṣì ń wò mí. Mo ní kí wọ́n máa lọ kí n tó figbe olè ta. Wọ́n yí padà sí ọ̀nà tí wọ́n gbà wá, wọn ò sì wẹ̀yìn. Inú mi dùn débi pé orin ni mo fi fọ àwo lọ́jọ́ náà. N kò sọ fún ọkọ mi, nítorí n kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ tún dé ẹnu rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin kan tó ń kó gàrí wá láti Mowe rí ọkọ mi lọ́jà, ó sì bi í pé kí ló dé tí kò tíì wá wo ìyá rẹ̀. Láti ìdí igbá obì ló ti mú ọ̀nà pọ̀n, ó fẹsẹ̀ rìn ín. Ìrọ̀lẹ́ ló débẹ̀. Wọ́n ti sin ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án. Wọ́n ní orúkọ ọkọ mi ni ìyá náà ń pè títí ohùn rẹ̀ fi lọ.

Ní àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mò ń pín oúnjẹ nínú agbo ilé wọn ní Mowe nígbà tí mo rí bàbá tó mú ọ̀pá lọ́wọ́ wá sílé wa lọ́jọ́ yẹn, tí mo lé lọ. Ipò àgbà ilé ni wọ́n jókòó sí. Àwo bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo kúnlẹ̀, mo fi iwájú orí kanlẹ̀, n kò lè gbórí sókè. Wọ́n pè mí súnmọ́ ọ̀dọ̀ wọn, níṣojú ọkọ mi. Ohùn wọn kò le rárá.

"Ìyàwó, o bi mí ní nǹkan lọ́jọ́ sí, n ò dá ẹ lóhùn. Ó dùn mí ni."

Wọ́n wá dárúkọ wọn fún mi: orúkọ àbísọ, orúkọ Mùsùlùmí, àti orúkọ bàbá wọn. Ọkọ mi gbójú sókè, ó wò mí. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti wá pe òun.

Ìyàwó kì í pe orúkọ àgbà ilé ọkọ. N kò pe orúkọ náà rí títí dòní, n kò sì gbàgbé rẹ̀.