Tíkẹ́ẹ̀tì Kan fún Bàbá Fàlílù

Bí ẹ bá fẹ́ bí mi nínú, ẹ wá sí sinimá wa ní Sángo, kí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá sọ fún mi pé ẹ ti jẹun nílé, ẹ ò ra gúgúrú. Èmi Olúkẹ́mi ni mo ń ta gúgúrú náà. Èmi náà ni mo ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti wá iṣẹ́ mìíràn lọ. Àjà kẹta ilé ìtajà kan nítòsí afárá ni a wà. Nígbà kan, bí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ bá ti ṣíwọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń yà sí kí wọ́n tó délé. Fóònù ti gba ìyẹn lọ́wọ́ wa. Ẹni tó ń wo fíìmù nínú bọ́ọ̀sì láti Sángo dé Ìyànà Iyesi, kí ló fẹ́ wá gun àtẹ̀gùn àjà mẹ́ta fún? Lífìtì ilé ọ̀hún ò kúkú ṣiṣẹ́ rí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ara mi ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ Bàbá Fàlílù ni, ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn wa.

Bàbá ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì ti lo nǹkan bí ogójì ọdún nínú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà sinimá. Gbọ̀ngàn kan tó wà ní Oju Ore nígbà náà ló ti bẹ̀rẹ̀, páànù lórí, bẹ́ǹṣì nílẹ̀. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n ń kó pamọ́ síbẹ̀ báyìí. Fìlà funfun kan náà ló ń dé láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, bó bá sì ń já tíkẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń já a, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ṣí lẹ́tà olówó. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù lára rẹ̀ ni pé Bàbá ò wo fíìmù kan tán rí. Ẹnu ọ̀nà ló ń kọjú sí, a kì í rí i kó kọjú sí àwòrán. Ohùn ló fi mọ gbogbo òṣèré. Bí ẹ bá bi í pé báwo ni òṣèré kan ṣe rí, á ní, "Ohùn rẹ̀ dùn."

Àṣà kan wà tó gbé bọ̀ láti gbọ̀ngàn àtijọ́ yẹn. Bí ọmọ àdúgbò bá ń ṣeré, wọn kì í gbowó lọ́wọ́ ẹbí àti ará àdúgbò rẹ̀. Lójú tiwọn, ìtìjú gbáà ni kí ìyá sanwó kó tó rí ọmọ tó bí. Bí wọ́n ṣe pọ̀ wá ni iyì tí wọ́n ń gbé wá fún un, iwájú ni wọ́n sì ń fi wọ́n sí. Bẹ́ǹṣì kékeré kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn fún àwọn ọmọdé tí kò ní kọ́bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Fáìzàh, ọmọ Ràfátù aránṣọ.

Fáìzàh dàgbà, ó kọ́ iṣẹ́ kámẹ́rà, ó sì fi ọdún mẹ́rin ṣe fíìmù kan nípa obìnrin tó ń di bisikíìtì ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìjù, tó ń fi owó rẹ̀ tọ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Sinimá wa gbà láti fi hàn. Johnson, mánéjà wa, ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n fún un. Láti ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ Àìkú, tíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ pé ọgọ́rùn-ún. Bí kò bá pé, a máa yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ Ajé, fíìmù òkèèrè kan ń dúró. Èyí tó tún burú ni pé àwọn tó ń ra fíìmù sórí fóònù ti sọ fún Fáìzàh pé iye tí sinimá bá kà làwọn máa wò káwọn tó rà á. Nítorí náà, bí a bá yọ ọ́, ọdún mẹ́rin ti wọgbó nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àbámẹ́ta, mẹ́tàlélógún péré ni mo tà. Òjò rọ̀. Àwọn tó pè mí lórí fóònù ń bi mí bóyá ó ti dé orí ẹ̀rọ ayélujára. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú wọn.

Lọ́jọ́ Àìkú, Johnson ti rìnrìn àjò lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Nígbà tó di aago méjì ọ̀sán, mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí bọ́ọ̀sì márùn-ún tó gúnlẹ̀ sísàlẹ̀. Ràfátù ló kó èrò bọ̀: àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù rẹ̀, àwọn aránṣọ, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọṣẹ, pẹ̀lú ọkọ àwọn mìíràn. Mo rí wọn tí wọ́n ń tú owó láti etí ìró. Mo yára jókòó dáadáa sídìí kọ̀ǹpútà. Ni mo bá gbọ́ ohùn Bàbá Fàlílù lórí àtẹ̀gùn.

"Ẹ dá owó yín padà sápò! Ràfátù, ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni? Ọmọ yín lẹ máa sanwó wò? Ẹ gòkè, ẹ gòkè, ẹ lọ jókòó níwájú."

Wọ́n ń ṣàdúrà fún un, wọ́n ń gba iwájú mi kọjá, ẹnikẹ́ni ò wo apá ibi tí kọ̀ǹpútà wà. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo ti la ẹnu. Ṣùgbọ́n Ràfátù dúró níwájú mi, ó ní, "Olúkẹ́mi, èló ni gúgúrú?" Ọ̀rọ̀ bùṣe. Bí ọ̀kan ṣe ń rà, òmíràn ń nawọ́ owó. Ẹnu tó ń jẹ dòdò kì í lè sọ òdodo: gúgúrú mi tán pátá lọ́jọ́ náà, mi ò sì sọ nǹkan kan.

Bí gbọ̀ngàn náà ṣe dùn lọ́jọ́ yẹn, ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú rẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bá àwọn tó wà nínú fíìmù sọ̀rọ̀, wọ́n ń gba obìnrin oníbisikíìtì nímọ̀ràn. Nígbà tó ku díẹ̀ kó parí, gbogbo ilé dákẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún Bàbá Fàlílù. Ó gbé fìlà rẹ̀ sókè kí wọn. Ó rò pé wọ́n ń dúpẹ́ pé òun ò gbowó ni. Fáìzàh dúró níwájú wọn, ó ń sunkún ayọ̀, ó ń fi ìka ka orí èrò. Ó kà á di mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún.

Lọ́jọ́ Ajé, Johnson ṣí kọ̀ǹpútà. Mẹ́tàlélógún ti tẹ́lẹ̀, mẹ́jọ tí mo tà fún àwọn tó dá wá lọ́jọ́ Àìkú. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó ránṣẹ́ pe Fáìzàh.

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀," Fáìzàh wí. "Mo ka orí wọn fúnra mi. Àbí ẹnì kan ti jẹ owó tíkẹ́ẹ̀tì ni?"

Èmi ló wò. Mo ń wá ẹnu tí mo máa fi sọ ọ́ nígbà tí Bàbá Fàlílù ṣí fìlà rẹ̀.

"Èmi ni," ó wí. "Wọ́n mú owó wá. Èmi ni mo ní kí wọ́n má san án. Mo rò pé iyì ni mo ń bù fún ọ."

Johnson fọwọ́ lérí. "Baba, kọ̀ǹpútà ò mọ ìyá ẹnikẹ́ni. Tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń kà."

"Ilé kún, Johnson."

"Ilé kún lóòótọ́, Baba. Lójú kọ̀ǹpútà, òfìfo ni."

Ọ̀rọ̀ Bàbá wá di ti igún tó ṣoore tó pá lórí. Fáìzàh wò ó títí. "Bàbá, ọdún mẹ́rin!" Ohun tó sọ mọ nìyẹn, ó sì jáde. Àánú àwọn méjèèjì ṣe mí, ojú sì ń tì mí.

Mo bá Fáìzàh lórí àtẹ̀gùn níbi tó jókòó sí. Mo jẹ́wọ́ ìpín tèmi nínú ọ̀rọ̀ náà fún un. Kò bú mi. Ó ní, "Àǹtí Kẹ́mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ bínú sí i? Mi ò sanwó rí lọ́dọ̀ Bàbá. Orí bẹ́ǹṣì rẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí wọ́n ń pè ní fíìmù." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kì í sì í ṣe ti ayọ̀.

Mo padà lọ bá Johnson, mo jẹ́wọ́ fún òun náà, mo wá bẹ̀ ẹ́. Ó kùn, ó kùn, ó wá fún wa ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Rú, àkókò tí eṣinṣin gan-an kì í wá sinimá. Bí a bá rí mọ́kàndínláàádọ́rin tó kù, fíìmù á dúró ọ̀sẹ̀ kan sí i. Bí a ò bá rí i, kí ẹnikẹ́ni má bẹ òun mọ́.

Láti ọ̀sán ọjọ́ Ajé di alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá Fàlílù ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé ní Oju Ore. Wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín. Ta ló gbọ́ ọ rí pé ènìyàn ń tọrọ àforíjì nítorí pé kò gbowó? Àwọn kan ní kò burú, àwọn máa wò ó lórí fóònù. Àwọn mìíràn ní, "Bàbá, a ti wò ó."

"Mo mọ̀," lèsì rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò tíì rí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó rí yín."

Lọ́jọ́ Rú, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, Bàbá gòkè wá pẹ̀lú bùbá tó fi ń kírun Jímọ̀. Kò lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé owó síwájú mi.

"Olúkẹ́mi, tíkẹ́ẹ̀tì kan."

"Ẹ̀yin kẹ̀, Bàbá? Òṣìṣẹ́ kì í sanwó."

"Mo ní kí o tà á fún mi." Ohùn rẹ̀ le. "Kó kà mí."

Mo tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó yí i wò níwájú àti lẹ́yìn, ó fọwọ́ ara rẹ̀ já a sí méjì, ó fún mi ní ìdajì. Ó wọlé, ó jókòó sí ìlà iwájú, ó kọjú sí ibi tí àwòrán ti ń jáde.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Àwọn aránṣọ ló kọ́kọ́ dé. Àwọn obìnrin ilé-iṣẹ́ ọṣẹ tẹ̀ lé wọn, oorun ṣì wà lójú wọn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíwọ́ iṣẹ́ òru ni. Mi ò dárúkọ gúgúrú fún ẹnikẹ́ni títí tí tíkẹ́ẹ̀tì fi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ràfátù ló kẹ́yìn, ó ń mí hẹlẹ. Nígbà tí fíìmù fi máa bẹ̀rẹ̀, a ti ka mẹ́rìnléláàádọ́rin. Johnson wo kọ̀ǹpútà, ó wò mí, ó sì lọ yọ bébà fíìmù òkèèrè tó ti lẹ̀ mọ́ ògiri.

Bàbá Fàlílù ló kọ́kọ́ jáde nígbà tó parí. Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo sáré pàdé rẹ̀.

"Bàbá, ó pé! Ó tilẹ̀ lé! Ọ̀sẹ̀ kan sí i!"

Ó ṣí fìlà, ó ń yí i lọ́wọ́.

"Olúkẹ́mi, ọmọ kékeré kan dé ẹnu ọ̀nà sinimá, kò ní owó lọ́wọ́. Bàbá kan tó dé fìlà funfun wò ó. Kò sọ̀rọ̀ rárá. Ó kàn fọwọ́ gbá bẹ́ǹṣì, ó sún un fún un."

"Nínú fíìmù yẹn?"

"Nínú fíìmù yẹn. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi yíjú wò mí lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́." Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Èmi kọ ẹ̀yìn sí i."